Orin Tí Ìyá Àgbà Fi Etí Ara Wọn Yàn

Banikanni, Parakou
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí ń mú inú mi dùn,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Obìnrin tí o fi rán kò tilẹ̀ kọ́kọ́ lọ sílé rẹ̀ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀dọ̀ wa níbí ló kọ́kọ́ yà sí, tòun ti ẹrù lórí. Bàbá rẹ bu omi fún un, èmi sì ń ka lẹ́tà lórí ìdúró.

Ẹ kú àráfẹ́rakù Màmá. Kí Ọlọ́run tu ọkọ rẹ nínú, kó sì dúró ti gbogbo ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀. Èèyàn dáadáa ni ìyá ọkọ rẹ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, àwọn ni wọ́n di ọwọ́ mi mú nígbà tí omi ń dà lójú mi, tí wọ́n ní kí n nu ojú nù, pé bí mo bá fẹ́ rí ọ, kí n wá kan ilẹ̀kùn àwọn nígbàkigbà. Wọ́n dàgbà, wọ́n rí ọmọ ọmọ, wọ́n lọ láìjẹ̀rora. Ọpẹ́ ni.

O ní àwọn ọmọ wọn péjọ, wọ́n sì sọ pé ìwọ ìyàwó ni kí o yan orin tí wọn yóò kọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí pé ìwọ ló mọ orin láàrin wọn. O ní láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu rẹ mọ́. O ní bí o bá ṣì í yàn, gbogbo ẹbí ni yóò máa fi rántí rẹ títí ayé. Àbẹ̀kẹ́, má bínú, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibẹ̀. Bàbá rẹ bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú lẹ́tà ọ̀fọ̀. Mo kà á sókè fún wọn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìsìnkú Ìyá Àgbà, ìyá tèmi, ló wá sí wa lọ́kàn.

Ilẹ̀ Rọ́ṣíà lo wà nígbà náà tí o ń kàwé. Ìwé kékeré tí a kọ sí ọ pé Ìyá Àgbà ti lọ àti fọ́tò kan, ìyẹn nìkan lo rí gbà. Láti ìgbà tí o ti dé, iṣẹ́, ìgbéyàwó àti kíkó lọ sí Àjàṣẹ́ kò jẹ́ kí a jókòó sọ ọ́. Nítorí náà, pe ọkọ rẹ kó wá jókòó tì ọ́. Lẹ́tà yìí yóò gùn, ìmọ̀ràn tí mo sì fẹ́ fún ọ, inú ìtàn náà ló wà.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa ni Ìyá Àgbà ń gbé. Wọ́n ti fa ìsọ̀ aṣọ wọn ní ọjà Arzèkè lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, síbẹ̀ wọ́n ń lọ jókòó níbẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, wọ́n ń na aṣọ wò fún àwọn oníbàárà, wọ́n ń bá wọn ṣàwàdà. Ní ìparí òjò ọdún kan, ẹsẹ̀ wọn wú, mímí sì bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n ránṣẹ́ pe àwọn ẹbí mi.

Tọ́ńtọ́n rẹ Félíìsì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí wọn, tí ń ṣiṣẹ́ ìjọba nínú ìlú níbí, gun alùpùpù mòbílẹ́ẹ̀tì wọn wá. Tàǹtí rẹ Ràfátù, àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn, wá láti àdúgbò Ladjifarani. O mọ̀ pé láti ìgbà tí Ràfátù ti fẹ́ ọkọ rẹ̀ ló ti ń kírun, àti pé oníṣòwò mùsùlùmí ni gbogbo agbo ilé ọkọ rẹ̀. Èmi ni mo wà láàrin àwọn méjèèjì, bí mo ti wà láti kékeré.

A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn fèrèsé Ìyá Àgbà. A rò pé wọ́n ti sùn. Tọ́ńtọ́n Félíìsì ti múra gbogbo nǹkan sílẹ̀ nínú ọkàn wọn. Orin Faransé gígùn kan wà tí ẹgbẹ́ akọrin kọ nígbà tí wọ́n sin ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, òun ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú dùùrù hamóníọ̀mù. Èmi ní orin mìíràn lọ́kàn, èyí tó ní ohùn mẹ́rin, tí ohùn òkè rẹ̀ ń fò bí ẹyẹ. A ń fà á síwá sẹ́yìn. Nígbà tó yá, Ràfátù ní, "Bí gbogbo rẹ̀ bá ti inú ìwé yín wá, ẹnu ọ̀nà ni n ó dúró sí."

Tọ́ńtọ́n Félíìsì dáhùn pé kò sẹ́ni tó lé e. Ràfátù kàn ń fi ìka ká etí ìborùn rẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó, ẹ̀rù bà mí. Mo rí i pé a lè sin ìyá wa kí a sì pàdánù àbúrò wa lọ́jọ́ kan náà.

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ ohùn láti ojú fèrèsé.

"Ẹ̀yin mẹ́ta, ta ni ẹ ń yan orin fún?"

Tọ́ńtọ́n Félíìsì yára ní kò sí ẹnì kankan. Ìyá Àgbà ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ wọlé wá. Láyé mi, n kò ra aṣọ tí n kò nà wò rí. Orin tí ẹ fẹ́ fi wé mi, mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà le fún Tọ́ńtọ́n rẹ. Wọ́n bẹ Ìyá Àgbà. Wọ́n ní kò bójú mu kí á máa kọrin ìsìnkú sétí ẹni tó ṣì ń mí, pé àdúgbò yóò sọ pé à ń lé ìyá wa lọ. Ìyá Àgbà ní kì í ṣe àdúgbò ni yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀, àwọn ni. Wọ́n ní ká wá lọ́jọ́ kejì, nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ká sì wẹ̀ kí a tó wá.

Báyìí ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìsìnkú Ìyá Àgbà kọ́ra, lójú Ìyá Àgbà.

Orin Faransé la kọ́kọ́ kọ. Tọ́ńtọ́n Félíìsì dúró gbọnrangandan bí ẹni tó wà níwájú ọ̀gá. Nígbà tó parí, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ kìíní ní ẹlẹ́ṣẹ̀ ni olóògbé. Ẹsẹ kejì tún un sọ. Ẹsẹ kẹta sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin.

Wọ́n ní, "Félíìsì, mo mọ̀ pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ojoojúmọ́ lèmi àti Ọlọ́run ń sọ ọ́ láàrin ara wa. Ṣùgbọ́n ṣé níwájú gbogbo oníbàárà mi ni ẹ ó ti máa tún un sọ?"

Bàbá rẹ sáré jáde kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín níta.

Ó kan èmi. Mo kó àwọn mẹ́ta wá láti inú ẹgbẹ́ akọrin wa, a sì kọ ọ́, èmi lókè pátápátá. Ìyá Àgbà pajú dé. Mo rò pé orin náà ti wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí wọ́n lajú, wọ́n ní ó dùn, wọ́n sì bi mí pé ta ni yóò kọ ibi gíga yẹn lọ́jọ́ náà. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní àwọn yòókù ńkọ́? Mo ní wọn yóò máa gbọ́.

"Ṣé ìwọ ni a fẹ́ sin ni?"

Àbẹ̀kẹ́, n kò mọ ibi tí mo lè fojú sí. Ràfátù tó ti fajú ro láti àná bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo gbà pé ó tọ́ kí n sọ orin náà nù. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mú: bí o bá ń yẹ orin kan wò, bi ara rẹ léèrè pé ta lo fẹ́ kí wọ́n máa wò nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Ọlọ́run fún ọ ní ohùn. Ọjọ́ tí o ó lò ó pọ̀ níwájú. Lọ́jọ́ yẹn, jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ìyá Àgbà wá yíjú sí Ràfátù tó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí lo mú wá?"

Ràfátù ní òun kò ní orin kankan nínú ìwé. Ìyá Àgbà ní àwọn kò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ni mo máa ń kọ tí mo bá ti ọjà dé?"

Ràfátù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ:

*Mo délé o, ẹ wá bá mi sọ ẹrù,*
*Oòrùn ti wọ̀, ọjà ti tú.*
*Mo délé o, ẹ bu omi fún mi mu,*
*Gbogbo ọmọ mi dà? Ẹ jáde wá.*

O kò gbọ́ orin yìí rí, torí pé nígbà tí o fi dáyé, Ìyá Àgbà kì í ru ẹrù mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ọjọ́ kan kò kọjá kí a má gbọ́ ọ. Láti ìkóríta ni wọ́n ti máa ń gbé e, tàwọn ti ìdì aṣọ lórí, kí a lè sáré jáde. Àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀, bóyá nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ṣábẹ̀ gòkè wá síbí. Bí Ràfátù ṣe dé ìlà kejì, mo ti ń bá a kọ ọ́ láìmọ̀. Bàbá rẹ gbè é. Àwọn akọrin tí mo kó wá gbè é, wọn ò gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n kí a tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ nínú ọgbà kejì náà gbè é. Tọ́ńtọ́n Félíìsì nìkan ni kò la ẹnu.

Ìyá Àgbà gbọ́wọ́ lé oókan àyà, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí a dákẹ́, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Láti ọjọ́ mélòó kan, ògì díẹ̀ ni wọ́n ń mu. Lọ́jọ́ yẹn, iyán ni wọ́n béèrè, àti wàgàsì, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà, kí a dín in.

Wọ́n ní ká tún wá lọ́la. A tún wá. Àwọn aládùúgbò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn kan mú àga wá látilé, àwọn mìíràn kó ẹ̀gúsí tí wọ́n ń ṣẹ́ wá kí ọwọ́ wọn má bàa ṣófo. Obìnrin Déndì tó ń ta àkàrà tí wọ́n ń pè ní kósé lẹ́nu ọ̀nà wa, Háwáwù, kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ sí i. Èrò wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà fi dé etí délégè, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa.

O mọ bó ṣe rí láyé ìjọba ìyípadà yìí: bí èèyàn bá péjọ, ó yẹ kí délégè mọ ohun tí wọ́n péjọ sí. Ẹni tó wà nípò náà nígbà yẹn jẹ́ Bàríbá gíga kan, Kámáráàdì Sabí. Ó wọlé, ó na ìkúùkù sókè, ó kí wa pé ká múra sílẹ̀ fún ìyípadà. A dá a lóhùn, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìjọba náà, pé ìjà ń bá a lọ. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí Ìyá Àgbà tí wọ́n jókòó sórí àga láàrin gbogbo wa.

"Kámáráàdì ìyá, ìpàdé kí ni èyí?"

"Ìsìnkú mi ni."

Ó yára sọ ìkúùkù rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ta ló kú?"

"Kò tíì sí ẹni tó kú. À ń fi kọ́ra ni."

Kò sí ìpàdé tó jọ èyí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ́ Kámáráàdì Sabí. Ìyá Àgbà ní kó tún ọ̀rọ̀ tó sọ sọ. Ó tún un sọ. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ jinlẹ̀, ọmọ mi. Lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ ọmọ mi níbẹ̀ yẹn. Apá ìsàlẹ̀ wa kò lágbára." Kámáráàdì Sabí lọ jókòó. Nígbà tí a tún fi péjọ, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání.

Wíwú ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní oògùn òun ló ṣe é, n kò sì bá a jiyàn. Kí ọyẹ́ tó dé, wọ́n ti padà sí Arzèkè. Gbogbo ọjà ti gbọ́. Àwọn èèyàn á máa bi wọ́n pé, "Ìyá, ìgbà wo ni ìsìnkú yín?" Wọ́n á ní kí wọ́n ṣì máa fi kọ́ra ná. A ò sì dáwọ́ dúró. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ là ń péjọ, nítorí pé ó ti di ohun tí à ń retí. Ọdún mélòó kan la fi ń kọrin bẹ́ẹ̀, tí ẹni tí à ń kọ ọ́ fún ń bá wa wí, tó ń pàtẹ́wọ́, tó ń pín wàgàsì fún wa.

Ṣùgbọ́n Tọ́ńtọ́n rẹ Félíìsì kò wá mọ́. Mo bínú sí wọn. Mo rò pé ìgbéraga ni, pé nítorí a kò gba orin wọn ni. Ní ọjọ́ Sátidé kan mo lọ bá wọn lóko tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ro nígbà náà, lẹ́yìn ìlú. Mo gbé omi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ líle sì wà lẹ́nu mi. Wọ́n ń kọ ebè. Wọ́n gba omi, wọ́n mu ún. Kí n tó sọ nǹkan kan, wọ́n ti mọ ohun tí mo bá wá.

Wọ́n ní, "Àbúrò mi, èmi ni mo máa ń bá wọn sọ ẹrù yẹn. Ìwọ ń gbé omi, Ràfátù ṣì ń rá. Èmi ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lọ́jọ́ náà tí mo jáde, tí n kò sì rí wọn lábẹ́ ẹrù, kí ni kí n fi ọwọ́ mi ṣe? Mo yan ti Faransé nítorí pé kò kàn mí. Mo lè dúró síbẹ̀ kí n kọ ọ́ tán."

Gbogbo ọ̀rọ̀ líle mi ṣubú dànù nínú oko yẹn. Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì bá wọn kọ ebè díẹ̀. Nírọ̀lẹ́ mo ròyìn fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Tọ́ńtọ́n rẹ, àwọn méjèèjì tilẹ̀kùn, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Títí di òní n kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí wọ́n jáde, Ìyá Àgbà ní kí a fi ẹsẹ kan nínú orin Faransé náà sí ìsìn, èyí tí kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́lẹ́ṣẹ̀, kí Félíìsì náà lè ní ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Tọ́ńtọ́n rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá padà.

Pásítọ̀ wa náà wá gbọ́. Ó dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò mọ bí àwọn ṣe lè jẹ́ kí orin ọjà wọ inú ìsìn nígbà tí kò dárúkọ Ọlọ́run. Ìyá Àgbà ní ṣé ìyẹn nìkan ni? Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n yí ìlà kan padà: *Mo délé, Olúwa, bá mi sọ ẹrù.* Pásítọ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ tún un kọ. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní kò sí wàhálà mọ́.

Ìyá Àgbà lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti ọjà dé, lórí ẹní wọn. Àwa sunkún, Àbẹ̀kẹ́, má rò pé a kò sunkún. Ṣùgbọ́n a kò jà. Kò sí ohun tó kù tí a ó jà lé lórí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ṣọ́ọ̀ṣì kún, ìta náà kún. Gbogbo agbo ilé ọkọ Ràfátù ló wá láti Ladjifarani, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá funfun wọn. Ràfátù dúró láàrin wọn, kì í ṣe nítorí ìbínú. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà fúnra wọn ti fi í sí, kó lè máa dáhùn láti ìta. A kọ orin inú ìwé tí Ìyá Àgbà yàn nígbà tí à ń fi kọ́ra, ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. A kọ ẹsẹ Faransé, Tọ́ńtọ́n Félíìsì dúró ṣinṣin, wọ́n kọ ọ́ tán. Nígbà tó tó àkókò láti gbé Ìyá Àgbà jáde, èmi ló yẹ kí n gbé orin ọjà náà. Tọ́ńtọ́n Félíìsì di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn gbé e.

Wọ́n gbé e. Ohùn wọn là sí méjì ní ìlà kìíní. Kámáráàdì Sabí gbà á lọ́wọ́ wọn nísàlẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì gbà á lókè. Nígbà tí a dé ibi tó ní *Gbogbo ọmọ mi dà?*, Ràfátù àti gbogbo àwọn tó wà níta dáhùn pé, "A dé o!" Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó wọ inú wa. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Háwáwù ń jó níwájú. Pásítọ̀ ká aṣọ wọn sókè kó má bàa kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. A jó dé itẹ́ òkú, oòrùn ń wọ̀, ọjà ń tú, àwọn tó ń ti Arzèkè bọ̀ sì ń ya wọ inú èrò wa, tàwọn ti ẹrù wọn lórí. Létí ibojì, Tọ́ńtọ́n rẹ ní kí ẹni tó fẹ́ di okùn pósí mú níwájú bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n di okùn iwájú mú, wọ́n sì bá ìyá wọn sọ ẹrù náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Nígbà tí wọ́n gbé ojú sókè, ẹ̀rín ló wà níbẹ̀, ẹ̀rín pẹ̀lú omijé.

Ó tó gẹ́ẹ́. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí o ó ṣe.

Ìyá ọkọ rẹ kò lè yẹ orin wò fún ara wọn mọ́, nítorí náà, etí àwọn tó bá wọn gbé ni o ó lò. Má kọ́kọ́ ṣí ìwé orin. Béèrè ohun tí Màmá máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń rẹ ọmọ lẹ́kún, nígbà tí wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́. Bí ó bá jẹ́ ààbọ̀ orin ni wọ́n rántí, ààbọ̀ náà tó.

Gbogbo ìsìnkú ló ní ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹni tí kò gbọ́ èdè, tàbí tí kì í ṣe ìjọ yín, tàbí tí ó ti bá ẹbí jà. Mọ ẹni náà kí o tó yan orin kankan, kí o sì wá ìlà kan tó lè kọ láti ibi tó wà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ orin nísàlẹ̀. Ọ̀fọ̀ máa ń gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè, ẹ ó dákẹ́ lágbedeméjì. Fi ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ le sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó máa gbé orin, kí ó lè gbà á bó bá là.

Fún ọkọ rẹ ní ohun kan tí yóò máa fi ọwọ́ ṣe. Má jẹ́ kó kàn dúró.

Má sì bẹ̀rù ẹ̀rín. Bí àwọn ènìyàn bá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń rántí Màmá, má pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìyá tó tọ́ ọmọ dáadáa bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ kí ilé òun dákẹ́ rọ́rọ́.

Èmi àti bàbá rẹ ń bọ̀. Tọ́ńtọ́n rẹ Félíìsì ní àwọn náà ń bọ̀, Ràfátù sì ti ń wá aṣọ tí yóò wọ̀. Ẹ wá ibi tí a ó sùn sí.

Ó ku ohun kan. Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, o kọ ọ́ ní kúkúrú pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ obìnrin, èyí àgbà, ni gbogbo wọn ń wò lójú, pé kò bá ọ sọ nǹkan kan láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ orin lé ọ lọ́wọ́. O ní o rò pé kò fẹ́ràn rẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé òun ni Màmá máa ń kọrin sí létí jù. Lọ bá a lọ́la. Má mú ẹnikẹ́ni dání. Kúnlẹ̀, kí i dáadáa, kí o sì bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni Màmá máa ń kọ fún yín?" Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Bó bá pẹ́ kó tó dáhùn, jẹ́ kó pẹ́. Bó bá sunkún, dúró tì í. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, bá a gbè é, nísàlẹ̀, kí ohùn tirẹ̀ lè wà lókè.

Kí Ọlọ́run fi orin sí ọ lẹ́nu, kó fi àlàáfíà sí ilé rẹ, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tí o ó bí mọ ohùn rẹ láti ìkóríta.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ